Agogo Tí Àgùàlà Ń Lù

Ọdún mẹ́fà ni Olúbọ̀dé ti ń kọ pátákó náà, kò sì sẹ́ni tó bá a du iṣẹ́ náà rí. Bí oṣù tuntun bá ti lé, á tú àwọn ọmọ ilé-ìwé ká, á ki ṣọ́ọ̀kì méjì bọ àpò, á sì gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wọn ní Abẹ́òkúta lọ, níbi tí pátákó dúdú kan wà lára ògiri. Òkè ni yóò ti kọ́kọ́ kọ ọ́ gàdàgbà pé: OHUN TÍ A Ó RÍ LÓJÚ Ọ̀RUN LÓṢÙ YÌÍ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ibi tí Adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìràwọ̀ kéékèèké tó ṣù jọ nnì, yóò wà bí ilẹ̀ bá ṣú. Alẹ́ tí òṣùpá yóò tàn mọ́jú. Àti ibi tí Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó ń ṣíwájú oòrùn yọ, yóò dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń lọ sóko lọ́nà Odeda a máa dúró kà á. Àwọn aláró tó ń lọ sí ọjà Ìtòkú a máa bẹ ẹni tó mọ̀wé kó kà á fún wọn. "Kí ni Tíṣà wí lóṣù yìí?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ Olúbọ̀dé ju oríkì ìdílé rẹ̀ lọ.

Kò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìwé mélòó kan tí míṣọ́nnárì kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sílé ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ìyókù, ojú ara rẹ̀ ló fi wò ó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù November ọdún 1948, ojú náà rí nǹkan. Ó jí ní ìdájí ọjọ́ kan, ó gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó sì rí ìràwọ̀ kan lápá ìlà-oòrùn, lọ́wọ́ ọ̀tún Àgùàlà, tí ìrù rẹ̀ funfun, tó nà sókè bí èéfín ilé ìdáná láàárọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Ìràwọ̀ onírù ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi í pamọ́ bí ẹni tó bo ẹran mọ́ ìsàlẹ̀ àwo, tó fẹ́ jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ó fẹ́ kọ ọ́ síta lọ́nà tí gbogbo àdúgbò yóò fi sọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń fa igi lé e, ó ń tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan kọjá, tí pátákó ṣófo.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó mú ṣọ́ọ̀kì débẹ̀, pátákó ti kún.

Ọwọ́ ìkọ̀wé náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán. Àkọlé tirẹ̀ gan-an ni wọ́n lò. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Láti ọwọ́ Herbert Ọládipọ̀, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ìràwọ̀ onírù kan ti yọ. Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ìdájí Sátidé tó ń bọ̀ ló dára jù láti wò ó, nítorí òṣùpá yóò ti wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Bí agogo ìdájí bá ti dún ní aago márùn-ún, kí gbogbo wa pàdé lórí àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé. Mo ní awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni.*

"Tíṣà, ẹ ti rí iṣẹ́ ọmọ yín?" Pásítọ̀ ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹrin rẹ̀ rèé nínú ìjọ náà. Kò tíì mọ ohun tí pátákó kan lè jẹ́ fún ènìyàn. "Ìsìnkú ìyá àgbà rẹ̀ ló mú un wálé láti Ìbàdàn. Mo rí i pé pátákó ṣófo, mo ní kó bá wa fi nǹkan sí i. Ẹ̀yin náà ẹ sinmi díẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà," ni Olúbọ̀dé wí. "Ìsinmi dára."

Inú rẹ̀ ń ta á bí ẹni tó fi ata mu omi gbígbóná. Òun ló kọ́ Herbert ní ìwé. Orí àpáta yẹn gan-an ló ti nawọ́ sí Adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ fún un, nígbà tí ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìdánwò tí Olúbọ̀dé jókòó sí lẹ́ẹ̀mejì, tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Herbert ṣe é, ó yege. Wọ́n mú un wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jagun ní Bọ́mà fún un ní awò ológun, ìwé ìròyìn Èkó sọ fún un pé ìràwọ̀ yọ. Ta ló ní kó tún wá gba èyí?

Ó tún pátákó náà kà. Ojú rẹ̀ dúró lórí ibi tí ọ̀rọ̀ agogo wà, ó sì rí ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí.

Gbogbo ìjọ ló gbà pé aago ara ògiri ilé ìjọsìn ni Bàbá Josiah alágogo ń wò kó tó lu agogo ìdájí. Aago yẹn ti kú láti ọdún kẹta ogun. Josiah kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò fi ọ̀dọ́kùnrin tó ní aago ọwọ́ rọ́pò òun. Àgùàlà ló ń wò. Á dúró lábẹ́ agogo. Bí ìràwọ̀ náà bá ti gòkè dé ibi tí òun àti Olúbọ̀dé fojú sùn, á lù ú. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í dúró sójú kan. Oṣù kan á yá, oṣù mìíràn á pẹ́. Ìdí nìyẹn tí Olúbọ̀dé fi ń kọ gbólóhùn kan sára pátákó lóṣooṣù, tí gbogbo ayé ń kà bí ọ̀rọ̀ lásán, tó sì jẹ́ pé Josiah nìkan ló wà fún: *Bí Àgùàlà bá kan orí òrùlé ilé Pásítọ̀, ìdájí ti tó.* Ti oṣù October nìyẹn. Nínú November, Àgùàlà ti ń pẹ́ kó tó yọ. Bí ẹni bá dúró kó kan òrùlé, aago márùn-ún á ti kọjá dáadáa, àfẹ̀mọ́jú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí nínú ìmọ́lẹ̀.

Herbert kò sì mẹ́nu kan Àgùàlà rárá.

Olúbọ̀dé nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn fi ìwé rẹ̀ lu agogo, ó wí nínú ọkàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Josiah wá bá a lẹ́yìn ilé-ìwé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Tíṣà, n ò rí ti Àgùàlà lára pátákó lóṣù yìí."

"Ẹni tó kọ pátákó ni kí ẹ bi, Bàbá."

"Kí n lọ bi ọmọ yẹn? Kó lọ sọ fún Pásítọ̀ pé ojú ọ̀run ni mo ń wò? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀." Ó tún wo ẹ̀yìn. "Ṣé kí n máa lo ti oṣù tó kọjá lọ ni?"

Olúbọ̀dé mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ́. Kò sì gùn. Bí Àgùàlà bá ti dé ìdajì igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Pásítọ̀, kí ẹ lu agogo: ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Bí wọn ò bá kọ tuntun," ló wí, "ti àtijọ́ náà ṣì wà."

"Ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní jẹ́ kí n ṣìnà," ni Josiah wí, ó sì lọ.

Olúbọ̀dé kò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò dìde lọ pe Josiah padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídeè, Bùsírátù aláró pè é láti ẹ̀yìn ògiri. Aládùúgbò rẹ̀ ni, opó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí apá rẹ̀ méjèèjì ti di búlúù títí dé ìgúnpá. Ó jókòó ti ìkòkò aró, ó ń fi igi rò ó.

"Bọ̀dé, wọ́n ní ìràwọ̀ onírù yọ, ìwọ kọ́ ló sì sọ fún mi."

"Wọ́n ti kọ ọ́ síta, Ìyá."

"Wọ́n kọ ọ́. Àwọn ta ni 'wọ́n'?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Mo gbọ́ pé àárín ìwọ àti ọmọ Ọládipọ̀ nìyẹn báyìí. Ó dùn ẹ́?"

"Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Ọmọ mi ni."

"Ó dùn ẹ́. Ọrùn rẹ ti gùn bíi ti àkùkọ tí wọ́n gba abo lọ́wọ́ ẹ̀." Ó fi igi sílẹ̀. "Gbọ́. Ọdún tí ọba àwọn òyìnbó kú, tí irú ìràwọ̀ yìí yọ, oyún wà nínú mi. Ìyá ọkọ mi ní aboyún kì í wò ó, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gbogbo Abẹ́òkúta rí i, àfi èmi. Ọmọ náà kò tiẹ̀ yè. Ọdún méjìdínlógójì nìyẹn, ojú mi òsì sì ti ń funfun. Ìgbà wo gan-an ni kí n jáde lọ́la?"

"Herbert ti kọ ọ́. Bí agogo bá dún."

"Mi ò bi Herbert. Ìwọ ni mo bi."

Olúbọ̀dé wo inú ìkòkò aró. Dúdú ló rí.

"Bó ṣe kọ ọ́ yẹn náà ni, Ìyá."

Aago mẹ́rin Sátidé kò tíì lù dáadáa tó fi wà lórí àpáta. Òṣùpá ti ń lọ wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ tán, ìràwọ̀ onírù jáde níwájú rẹ̀ kedere, ìrù rẹ̀ gùn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo ìlú sì sùn nísàlẹ̀ lábẹ́ òrùlé páànù. Òun nìkan ló ni ín. Ó dúró kí ayọ̀ dé. Ayọ̀ kò dé. Ńṣe ló ń ronú bí ojú Herbert yóò ṣe rí, tó sì ń tún un rò, bí ẹni tó ń fi ahọ́n kan eyín tó ń dùn ún.

Ládàánì pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Ìsàlẹ̀ ìlà-oòrùn di eérú. Ìrù ìràwọ̀ náà kúrú, ó tún kúrú, ó dà bí ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà tó pòórá tán ni agogo wá dún.

Wọ́n gòkè wá pẹ̀lú fìtílà, ọ̀pọ̀ ènìyàn: àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ti oko dé lánàá, Pásítọ̀ nínú ẹ̀wù àwọ̀sùn tó fi kóòtù bò. Herbert ló ṣíwájú, awò rẹ̀ wà lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Olúbọ̀dé lórí àpáta tútù. "Ẹ kú ìdájí, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti ṣáájú wa débí." Ó gbé awò sójú, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣé ìràwọ̀ náà ṣì ń wẹ̀ ni?" ẹnì kan wí.

"Ó ti gba ojú irin lọ sí Èkó," ẹlòmíràn dá a lóhùn. Ẹ̀rín sọ.

Herbert bojú wo aago ọwọ́ Pásítọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Agogo pẹ́," ló wí. "Ó fi bí ìdajì wákàtí pẹ́."

"Kò purọ́," ni Bùsírátù wí. Ó di ọ̀pá mú, ó ń mí gúlegúle. "Ládàánì wa pè, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun tán, mo jókòó, mo tún dìde. Agogo yín ò tíì dún."

Gbogbo ojú yí sí Josiah, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè dé.

"Bàbá," ni Pásítọ̀ wí pẹ̀lẹ́, "aago ilé ìjọsìn ńkọ́?"

Josiah ṣí fìlà rẹ̀. Ó wo Olúbọ̀dé. Kì í ṣe ìwò ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Ìwò ẹni tó ń dúró de ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í jẹ́ kó ṣìnà ni.

Olúbọ̀dé mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí i, ohun tí òun ń fẹ́ yóò tẹ òun lọ́wọ́. Wọn yóò sọ pé ọmọ ìwé kò mọ ojú ọ̀run. Wọn yóò yọ Josiah. Pátákó yóò padà wálé.

"Aago yẹn ti kú," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti kú. Àgùàlà ni Bàbá ń wò, èmi ni mo sì ń sọ ibi tó yẹ kó dé fún un lóṣooṣù. Lóṣù yìí, ó wá bi mí. N kò sọ òótọ́ fún un."

"Nítorí kí ni?" ni Pásítọ̀ bi í.

Olúbọ̀dé wo awò ọrùn Herbert. Kò sí ẹni tí kò mọ̀.

"Ìwọ rí i?" Bùsírátù ló bi í léèrè.

"Mo rí i, Ìyá."

"Ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́rin."

Obìnrin náà mi orí lẹ́ẹ̀kan. "O ti ilẹ̀kùn mọ́ mi," ló wí, ó sì yí padà láti máa sọ̀kalẹ̀.

Herbert kò pariwo. Ó dúró títí àwọn ènìyàn fi lọ tán. "Sà," ló wí, "mo ṣe bí inú yín yóò dùn ni. Àkọlé yín ni mo lò, kí wọ́n lè mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ." Ó sì bá àwọn yòókù lọ.

Kí ọjọ́ tó kanrí, ọ̀rọ̀ ti parí. Josiah kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀ bá a wí, ó sì yá a ní aago ara rẹ̀. Pátákó di ti Herbert, yóò máa fi lẹ́tà kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ẹnì kan nínú àwọn akọrin yóò máa dà á kọ. Olúbọ̀dé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ó dára. Nígbà tó délé, ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì rí i pé ìlara náà kò tíì lọ. Ó ti jẹ́wọ́, ó ti pàdánù, síbẹ̀ ìlara ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí ládàánì tó pè, ó kan ilẹ̀kùn Bùsírátù.

"Òṣùpá á wọ̀ láìpẹ́," ló wí. "Kí ilẹ̀ tó máa mọ́, àyè díẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ n mú yín lọ."

Ó rò pé yóò lé òun. Bùsírátù kàn da ìborùn bo èjìká, ó nawọ́ sí i. "Má jẹ́ kí n ṣubú. Bí mo bá ṣubú, ìwọ ni wàá máa pọn omi aró mi títí n ó fi kú."

Lórí àpáta, ìràwọ̀ náà wà níbẹ̀, ó rẹ̀ díẹ̀ ju tàná lọ. Olúbọ̀dé dúró lẹ́yìn Bùsírátù, ó di orí rẹ̀ mú bí ìgbà tó ń kọ́ ọmọdé, ó yí i sí i. "Ẹ wo Àgùàlà. Ẹ máa bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ na apá, ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù méjì."

"Mo rí Àgùàlà," ni Bùsírátù wí. "Ó tú ká bí ẹyin tó fọ́. Ìyókù, kùrukùru ni." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Awò ọmọ Ọládipọ̀ ńkọ́?"

Olúbọ̀dé mọ̀ pé ìbéèrè náà ń bọ̀. Láti òru àná ló ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, ìkúùkù rẹ̀, ọdún mẹ́fà rẹ̀, kò lè mú ìràwọ̀ wọ ojú tó ti ń funfun. Awò lè ṣe é. Ó wo ojú ọ̀run, ó ṣírò ohun tó kù: àkókò tí ènìyàn yóò fi sáré sọ̀kalẹ̀, tí yóò fi sáré gòkè, kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ máa fa ẹsẹ̀.

Ó sáré. Nígbà tó dé ojúlé àwọn Ọládipọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ilẹ̀kùn, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, kó tó wá kàn án. Herbert fúnra rẹ̀ ló ṣí i.

"Ìyá aláró wà lórí àpáta," ni Olúbọ̀dé wí. Ó ń mí hẹlẹ. "Ojú rẹ̀ kò gbé e. Mo wá tọrọ awò rẹ."

Herbert mú awò náà lórí tábìlì. "Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i," ló wí. Ó kọ́ ọ sọ́rùn, ó sì jáde láì wọ bàtà.

Wọ́n jọ gòkè. Herbert fi awò sójú Bùsírátù, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Olúbọ̀dé ló di èjìká rẹ̀ mú, tó ń darí rẹ̀. "Ọ̀tún díẹ̀ sí i. Ẹ dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀ bí ìka kan."

Ara obìnrin náà dúró sójú kan.

"Hẹ̀n," ló wí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ó ní ìrù lóòótọ́. Mo rò pé wọ́n ń tàn mí ni." Ó di awò náà mú ṣinṣin. "Herbert, ọmọ mi, o ṣeun o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwé rẹ yé ọ."

Olúbọ̀dé dúró kó gbọ́ orúkọ tirẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ó ta á, ní ibi tí ó ti ń ta á tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sì yọ ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

Òun náà kò tíì fi awò yẹn wo nǹkan kan rí. Ó ń wù ú gan-an. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé Herbert náà ń wo awò ọ̀hún, nítorí agogo àná tó pẹ́ kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí ìràwọ̀ náà títí di báyìí. Ìsàlẹ̀ ìlà-oòrùn ti ń di eérú. Herbert sún ọwọ́ mọ́ awò díẹ̀.

"Ìyá," ló wí, "ṣé kí n..."

Bùsírátù fi ìgúnpá búlúù rẹ̀ tì í sẹ́yìn, kò tiẹ̀ gbójú kúrò. "Ẹ dúró níbẹ̀," ló wí. "Ọdún méjìdínlógójì."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ẹni tó láyà nínú wọn láti sọ fún un pé ilẹ̀ ti ń mọ́.